Ìlà funfun lójú ewé: bẹ́ẹ ṣe lè dá lífùmáínà mọ̀, kẹ́ẹ sì kápá ẹ̀ lóko ẹ̀fọ́ yín l'Ékìtì

Ẹ kú oko o, ẹ̀yin ará Èkìtì àti gbogbo ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, torí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé báyìí, táwọn èèyàn ti sọ̀kalẹ̀ sí àkùrọ̀ láti gbin kùkúńbà, tòmátò, ẹ̀wà àti oríṣìíríṣìí ẹ̀fọ́, kì í pẹ́ tẹ́ẹ fi máa gbọ́ pé ewé ti ń ní ìlà funfun, ìlà ọ̀hún á lọ á bọ̀, á kọ́lọkọ̀lọ kiri ojú ewé, bí ìgbà tọ́mọdé fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó wù ú sára ògiri. Ẹnì kan á ní àìsàn ni, ẹlòmíì á ní fatiláísà ló pọ̀ jù, ẹnìkẹta á gba ọjà lọ, á ra oògùn tó bá le jù, á fọ́n ọn láàárọ̀, á tún fọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Tó bá fi máa di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìlà yẹn á ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó ti wọlé oògùn, ewé ò sì sàn.

Kì í ṣe àìsàn rárá. Ọmọ eṣinṣin kékeré kan ni, òun ni wọ́n ń pè ní lífùmáínà. Ìdin ló wà nínú ewé yẹn, láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibi tó bá sì ti jẹ kọjá lẹ̀ ń rí tó funfun yẹn. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má tíì fọwọ́ kan tánkì oògùn o, ẹ kọ́kọ́ mú ewé kẹ́ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀ẹ́ rí ìdí ẹ̀ bá a ṣe ń lọ.

Ẹ mọ eṣinṣin ọ̀hún ná

Ó kéré gan-an ni o. Gígùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 2 lọ, ẹ̀yìn ẹ̀ dúdú, orí ẹ̀ yẹ́lò, ìhà ẹ̀ náà ní yẹ́lò, ó sì ní àmì yẹ́lò kan ṣoṣo lẹ́yìn, láàárín ibi tí ìyẹ́ méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ò bá fara balẹ̀ á kàn rò pé kantíkantí lásán ni. Àárọ̀ ló máa ń pọ̀ lójú ewé, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tẹ́ẹ bá fọwọ́ gbo ewé jẹ́jẹ́ ẹ̀ẹ́ rí i tó ń fò kúkúrú tó tún ń padà bà.

Ìdílé tó ti wá làwọn onímọ̀ ń pè ní Agromyzidae, irú tó wà nínú ẹ̀ lágbàáyé lé ní 2,500, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ ju ewéko kan tàbí méjì lọ. Àwọn tó ń da oko ẹ̀fọ́ láàmú jù ni Liriomyza sativae àti Liriomyza trifolii, torí àwọn wọ̀nyẹn ò yan ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n tún ní ẹ̀kẹta, Liriomyza huidobrensis, òun fẹ́ràn ibi tó tutù, irú orí òkè Kẹ́ńyà yẹn. Kì í ṣe ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá o, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Liriomyza trifolii, òdòdó ló bá wọ Kẹ́ńyà lẹ́yìn ọdún 1970, ẹ̀ka òdòdó chrysanthemum tí wọ́n ń kó wá láti Florida láti gbìn, ìdin ti wà nínú ewé ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé bó ṣe gba inú òdòdó kọjá òkun náà ló ṣe lè gba inú nọ́sìrì ẹnì kan nílùú kejì wọ oko tiyín, a máa padà síbẹ̀.

Bó ṣe ń bí rèé, ẹ fọkàn sí i dáadáa torí gbogbo ohun tá a máa ṣe dúró lórí ẹ̀. Abo ẹ̀ ní nǹkan ṣóńṣó nídìí tó fi ń gún ewé. Tó bá ti gún un, á yíjú padà, á lá omi tó jáde níbẹ̀. Akọ ò lè gún ewé, nínú ihò tí abo bá gún lòun náà ti ń jẹ. Díẹ̀ nínú àwọn ihò yẹn ni abo ń yé ẹyin sí, ẹyin kan nínú ihò kan, abo kan sì lè yé tó ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kú. Ẹyin á pa láàárín ọjọ́ 2 sí 5. Ìdin á máa jẹ lọ nínú ewé fún bí ọjọ́ 4 sí 7, bó ṣe ń sanra ni ọ̀nà ẹ̀ ń fẹ̀. Tó bá yó tán á la awọ ewé, á bọ́ sílẹ̀, á wọ inú yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, kò ní jìn, á wá di kóró rúsúrúsú kékeré kan. Ọjọ́ 7 sí 14 ló ń lò nínú kóró yẹn kó tó tún jáde ní eṣinṣin. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, nígbà tí ooru bá mú dáadáa, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ìran kan. Tí kùkúńbà yín bá máa lo oṣù méjì lóko, ẹ wo iye ìran tó lè gorí ara wọn níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ewé, ẹ gbé e sí oòrùn

Ẹ má dúró lókèèrè kẹ́ẹ máa ka ìlà. Ẹ já ewé tó ní ìlà, láti ìsàlẹ̀, láàárín àti lókè, láti ojú ebè tó yàtọ̀ síra. Ẹ gbé e sókè kí oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín níbì kan, ó wá ń fẹ̀ lọ, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nínú ẹ̀ tó ń já lójú ọ̀nà, tó ń bọ́ sápá ọ̀tún, tó ń bọ́ sápá òsì, ìgbẹ́ ìdin nìyẹn. Ẹ wá lọ sí ìparí ibi tó fẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ẹ bá rí ìdin yẹ́lò kékeré kan níbẹ̀ tó ń mira, ó ṣì wà láàyè, ó ṣì ń jẹ. Tẹ́ẹ bá rí i pé ẹnu ìparí yẹn ti là, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, á jẹ́ pé ó ti jẹun tán, ó ti bọ́ sílẹ̀, kò sí oògùn tẹ́ẹ fẹ́ fọ́n sórí ewé yẹn tó tún kàn án. Tó bá wá jẹ́ pé ìlà yẹn kúrú, ó dá dúró láàárín ọ̀nà, ìdin inú ẹ̀ ti dúdú tàbí ó ti rọ, nǹkan míì ti pa á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó wà láàyè nìkan ni kẹ́ẹ kà. Ìlà ò ní parẹ́ lójú ewé láéláé, kódà tí ìdin bá ti kú gbogbo ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń fi ìlà díwọ̀n á fi máa fọ́n oògùn títí owó á fi tán.

Àmì míì tó máa ń ṣáájú ìlà ni àwọn tó-tò-tó funfun kéékèèké tó kún ojú ewé, pàápàá lára ọmọ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ibi tí abo ti gún un nìyẹn. Tẹ́ẹ bá ń rí ìyẹn nínú nọ́sìrì, eṣinṣin ti dé, ìlà ń bọ̀.

Ẹ má ṣì í mú fún nǹkan míì

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kòkòrò tòmátò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta, òun ló ba oko tòmátò jẹ́ lókè Ọya lọ́dún 2016 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, tí tòmátò fi wọ́n gógó dé Ọjà Ọba l'Ádó níbí. Ìyẹn kì í ṣe eṣinṣin, labalábá alẹ́ kékeré ni. Ọmọ tiẹ̀ lórí, ó lẹ́sẹ̀, ó lè jáde nínú ewé kan kó wọ òmíì, kì í fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ńṣe ló ń jẹ ojú ibi gbàràmù tí ewé á fi máa dà bíi pé ó ti sun, ó sì ń wọ inú èso lọ. Ìdin eṣinṣin tiwa yìí ò lórí tó hàn, kò lẹ́sẹ̀, inú ewé kan náà ló ń wà, kì í fọwọ́ kan èso. Tẹ́ẹ bá rí ihò lára tòmátò fúnra ẹ̀, ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí ṣe é, ẹ yára kàn sí àwọn ADP, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn.

Ewé òsàn náà máa ń ní ìlà fàdákà fàdákà tó sì ń ká kò, labalábá alẹ́ míì ló ń ṣe ìyẹn, kì í wá sórí ẹ̀fọ́. Tó bá jẹ́ funfun iyẹ̀fun-iyẹ̀fun tó lè nù kúrò tẹ́ẹ bá fọwọ́ rà á, ebu ni. Tó bá jẹ́ pé ewé kàn pọ́n ojú kan ó wá ń wé, tí kò sí ọ̀nà kankan nínú ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì lẹ ń wò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ibi tó ń gbé

Kùkúńbà, bàrà, ẹ̀gúsí, ẹlẹ́gẹ́dẹ́, wọtamẹ́lọ̀n: ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹ̀wà náà. Tòmátò, ata, ìgbá. Ilá ń gbà á. Ẹ̀fọ́ tá à ń jẹ ewé ẹ̀ náà ò yọ sílẹ̀, oko tí kùkúńbà bá ti kún fún un, ẹ lọ yẹ ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wò.

Àmọ́ ibi táwọn èèyàn kì í wò ni igbó tó yí oko ká. Imí-eṣú tó ń hù létí odò, abẹ́rẹ́ olóko tó ń lẹ̀ mọ́ wa láṣọ, àti àwọn ẹbí wọn tó ń tan òdòdó kéékèèké kiri, inú ewé wọn ni eṣinṣin yìí ń fara pamọ́ sí nígbà tí kò bá sí ẹ̀fọ́ lóko. Ẹ lọ já ewé imí-eṣú tó wà léteetí oko yín kẹ́ẹ gbé e sí oòrùn. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré lọ ro gbogbo ẹ̀ nígbà tí ẹ̀fọ́ ti wà lóko o, torí tẹ́ẹ bá ro ó tán, eṣinṣin inú ẹ̀ ò ní ibòmíì tó máa bà ju orí kùkúńbà yín lọ. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kẹ́ẹ tó gbìn ni kẹ́ẹ ti ro ó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìdánwò inú ike

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, kò sì náni ní nǹkan kan. Ẹ wá ike tó ń hàn gbangba, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà tàbí mayonéèsì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ tẹ́ tíṣù sísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ já ewé bíi ogún tí ìdin ààyè wà nínú ẹ̀, ẹ kó o sínú ẹ̀, ẹ má kì í mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó fẹ́lẹ́ bo ẹnu ẹ̀, ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ gbé e sí ibòji nínú ilé, kì í ṣe ojú oòrùn. Tí ewé bá ti gbẹ, ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ́ rí àwọn kóró kéékèèké lórí tíṣù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má da omi sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó lé díẹ̀, nǹkan á máa jáde. Ẹ máa kà á. Òmíì á jẹ́ eṣinṣin dúdú oní-yẹ́lò tá a ti sọ̀rọ̀ ẹ̀. Òmíì á kéré ju ìyẹn lọ, á dúdú tàbí kó máa dán bíi pé wọ́n fi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró pa á lára, ìwo orí ẹ̀ á hàn. Agbọ́n nìyẹn. Bẹ́ẹ ni, agbọ́n ni, àmọ́ kì í ta èèyàn, kéré tó kéré ni, iṣẹ́ tó mọ̀ ò ju kó wá ìdin inú ewé lọ. Òmíì nínú wọn, bíi Diglyphus, á gún ìdin náà nínú ewé kó má lè mira mọ́, á wá yé ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ọmọ ẹ̀ lè jẹ ẹ́. Òmíì, bíi Opius, á yé ẹyin sínú ìdin náà fúnra ẹ̀, ìdin á máa jẹun lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é, á bọ́ sílẹ̀, á di kóró, àmọ́ agbọ́n ló máa ti inú kóró náà jáde, kì í ṣe eṣinṣin.

Tí agbọ́n tó jáde nínú ike yín bá tó ìdajì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tánkì sílẹ̀. Oko yín ti ń wo ara ẹ̀ sàn. Ẹ bomi rin, ẹ ro oko, ẹ máa wò ó. Oògùn tó máa ń pa gbogbo kòkòrò, irú àwọn cypermethrin àti lambda-cyhalothrin tó kún inú ọjà, kì í dé ibi tí ìdin wà nínú ewé dáadáa, ṣùgbọ́n agbọ́n tó ń rìn lójú ewé ló ń pa tán. Eṣinṣin fúnra ẹ̀ sì tètè ń le sí oògùn, wọ́n ti rí èyí ní Florida àti níbi púpọ̀ lágbàáyé, pé oògùn tó pa á lọ́dún yìí ò ní lè pa á tó bá ṣe díẹ̀. Agbọ́n kú, eṣinṣin ò kú. Ohun tó ń fà á nìyẹn táwọn tó ń fọ́n jù fi ń ní ìlà jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ pinnu

Gbogbo ìlà kọ́ ló ń dín owó kù. Kùkúńbà tàbí tòmátò tó ti dàgbà, tó ti ń so, tí ìlà wà lára ewé ìsàlẹ̀ nìkan, kò ní mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀, ewé òkè ló ń bọ́ èso. Ibi tó ti léwu ni ọmọ irúgbìn tí ewé ẹ̀ ò tíì ju mẹ́rin lọ, torí tí ìdin bá jẹ méjì nínú mẹ́rin, ìdajì oúnjẹ ẹ̀ ti lọ. Ibi kejì ni tí ewé bá ń gbẹ dànù débi pé oòrùn ń pa èso lára, èso á funfun lójú kan, ẹnikẹ́ni ò ní rà á. Ibi kẹta ni ẹ̀fọ́ tó jẹ́ ewé ẹ̀ gan-an là ń tà. Ìyá tó ń ra ẹ̀fọ́ ò ní bá yín ṣàlàyé, tó bá ti rí ìlà á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ó tún yẹ kí n sọ pé ìlà yẹn ò ní májèlé o. Ẹ já ewé tó ní in dànù kẹ́ẹ se ìyókù. Oògùn tí wọ́n fọ́n lé e lórí lánàá ló yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kí irúgbìn tó bọ́ sóko

Ibi tá a ti lè ṣẹ́gun jù rèé, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń sáré kọjá níbẹ̀.

Tẹ́ẹ bá ń ra ọmọ tòmátò tàbí ọmọ ata lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe nọ́sìrì, ẹ má kàn gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ yẹ ewé ẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, ẹ wo tó-tò-tó funfun, ẹ wo ìlà. Èyí tó bá ní, ẹ dá a padà, ẹ má tijú, ẹ bá wọn sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ pé "Ẹ má bínú o mà, èyí ti ní kòkòrò nínú." Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ṣe nọ́sìrì yín, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kẹ́ẹ fi yẹ̀pẹ̀ tẹ etí ẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ń gbó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ihò ẹ̀ ti fẹ̀ jù fún eṣinṣin tó kéré báyìí, ẹ wá èyí tí ojú ẹ̀ dí.

Ẹ má gbin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́. Mo mọ̀ pé ilẹ̀ àkùrọ̀ ò pọ̀, kálukú ń fẹ́ kí tuntun ti máa so bí àtijọ́ ṣe ń tán, àmọ́ eṣinṣin ò ní ju kó fò kékeré lọ. Tí kò bá sí ilẹ̀ míì, ẹ fi àgbàdo tàbí ohun tó ga pààlà sáàárín wọn, kẹ́ẹ gbin tuntun sápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀. Lásìkò ọyẹ́, láti àríwá ìlà oòrùn ló ń wá.

Kẹ́ẹ tó gbìn, ẹ yí ilẹ̀ dáadáa kẹ́ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á, torí òkè ilẹ̀ náà ni kóró ẹ̀ wà, oòrùn á gbẹ ẹ́, èèrà àti ẹyẹ á sì ṣa tiwọn. Tẹ́ẹ bá lè fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀ láìsí ẹ̀fọ́, láìsí koríko, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó bá jáde ò ní rí ibi yé ẹyin sí.

Yúríà náà ẹ rọra. Ewé tí náítrójìn bá pọ̀ nínú ẹ̀ jù máa ń wu eṣinṣin yìí, ìdin sì ń tètè dàgbà nínú ẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, kẹ́ẹ fi díẹ̀díẹ̀ sí i, sàn ju kẹ́ẹ da yúríà sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kẹ́ẹ̀gì òróró

Àwọ̀ yẹ́lò ń fa eṣinṣin yìí gan-an. Àwọn tó lówó ń ra páálí yẹ́lò tó ń lẹ̀, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì òróró yẹ́lò tó wà lẹ́yìn ilé gbogbo wa náà tó. Ẹ gé e sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí kálukú ẹ̀ á tó ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ méjì, ẹ fọ òróró ara ẹ̀ kúrò, ẹ kan án mọ́ igi, ẹ wá fi gíríìsì tó mọ́ pa á lójú méjèèjì, kó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ri igi yẹn mọ́lẹ̀ kí pẹlẹbẹ náà dúró díẹ̀ sókè orí ewé, bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀ẹ́ máa gbé e sókè bí irúgbìn ṣe ń ga. Tí eruku ọyẹ́ bá ti bò ó, ẹ nù ún, ẹ tún un pa.

Kò ní kó gbogbo eṣinṣin tán o. Ohun tó wúlò fún jù ni kó sọ fún yín ìgbà tí wọ́n dé àti ibi tí wọ́n gbà wọlé. Nínú nọ́sìrì tó wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti lè dín wọn kù gidi. Tẹ́ẹ bá rí i pé kòkòrò rere náà ń lẹ̀ mọ́ ọn jù, ẹ yọ díẹ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ já ewé, àmọ́ ẹ fòye ṣe é

Lára ọmọ irúgbìn, àti lára ẹ̀fọ́ tó kéré níye bíi ti ẹ̀yìnkùlé, ẹ lè já ewé tí ìdin ààyè wà nínú ẹ̀. Ẹ má jù ú sáàárín ebè. Ìdin á jáde nínú ẹ̀, á wọ ilẹ̀, ẹ ti bá a ṣe iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ kó o sínú náílọ́nù dúdú, ẹ dì í, ẹ gbé e sójú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, kí ooru inú ẹ̀ pa ohun gbogbo. Tí ìdánwò inú ike bá ti fi hàn pé agbọ́n pọ̀, ẹ fi ewé sílẹ̀, torí ọmọ agbọ́n náà wà nínú ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: dógóyárò

Tí agbọ́n ò bá pọ̀, tí ìdin ààyè sì ń pọ̀ sí i lára ewé òkè, dógóyárò ló kàn. Èso ẹ̀ ló lágbára ju ewé ẹ̀ lọ. Ẹ ṣa èso tó ti pọ́n, ẹ bó o, ẹ sá kóró ẹ̀ níbòji títí á fi gbẹ, kì í ṣe ojú oòrùn, kó má sì hu ebu. Tẹ́ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gún gíráàmù 500, kó lẹ̀ àmọ́ kó má di epo, ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì. Ẹ fún aṣọ yẹn dáadáa, ẹ tún un sẹ́ kó má dí ẹnu tánkì, ẹ wá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ẹ fọ́n ọn. Oòrùn ń ba agbára ẹ̀ jẹ́ kíákíá, ẹni tó bá fọ́n ọn lọ́sàn-án ti ṣiṣẹ́ lásán. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ẹ lò ó tán, kò ṣe é fi pamọ́. Ẹ jẹ́ kó kan ewé lókè àti lábẹ́. Kẹ́ẹ má retí pé ìdin á kú lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló ń dí i lọ́wọ́ láti bọ́ awọ ẹ̀ kó lè dàgbà, ó sì ń jẹ́ kí ewé korò lẹ́nu eṣinṣin. Bí ọjọ́ 7 síra wọn ni kẹ́ẹ máa fọ́n ọn, kẹ́ẹ tún padà gbé ewé sí oòrùn kẹ́ẹ wo ìdin tó kù. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ebè kan ná, torí òmíì nínú kùkúńbà kì í fẹ́ ọṣẹ púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: tó bá di dandan kẹ́ẹ ra oògùn

Nọ́sìrì tó fẹ́ kú tán, tí kò sí agbọ́n rárá nínú ike, mo gbà. Abamectin àti spinosad ni wọ́n ń wọ inú ewé dé ọ̀dọ̀ ìdin. Ẹ má lò ọ̀kan tẹ̀lé ara ẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ wọn kó má bàa le sí i. Ẹ ka ara ìgò, ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni kẹ́ẹ lò, àti iye ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ẹ tó kórè, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń kó lọ́jọ́ méjì-méjì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Méjèèjì ń pa oyin, torí náà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti kúrò lórí òdòdó kùkúńbà, nítorí oyin ló ń jẹ́ kí kùkúńbà so.

Oògùn DDVP, irú Sniper yẹn, tí àwọn kan ń fọ́n sẹ́fọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ níbẹ̀ pátápátá. NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké ẹ̀ láti ọdún 2019, ó ń pa agbọ́n, ó ń pa oyin, ọmọ ẹni ló sì ń jẹ ẹ̀fọ́ ọ̀hún.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gbin ẹ̀wà

Ẹbí eṣinṣin yìí kan wà tó ń jẹ́ Ophiomyia phaseoli, òun kì í dúró nínú ewé. Á yé ẹyin sínú ewé ọmọ ẹ̀wà, ìdin á gba inú ọ̀pá ewé, á sọ̀kalẹ̀ nínú igi, títí á fi dé ìdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀wà á kàn máa pọ́n, á máa rọ, ìdí ẹ̀ á wú, á là, àwọn èèyàn á ní omi ni ò tó. Ẹ fà á tu, ẹ bó èèpo ìdí ẹ̀, ẹ̀ẹ́ rí ìdin tàbí kóró kéékèèké lábẹ́ ẹ̀. Ẹ má fi òkú ẹ̀wà yẹn sílẹ̀ lóko, ẹ sun ún. Èyí tó ṣì dúró, ẹ wọ́ ilẹ̀ jọ sí ìdí ẹ̀ kó ga, ẹ̀wà á ta gbòǹgbò tuntun lókè ibi tí ìdin ti jẹ, ọ̀pọ̀ á bọ́ níbẹ̀. Kí gbogbo yín tẹ́ẹ múlé gbera yín sì gbìn nígbà kan náà, ẹni tó bá gbìn kẹ́yìn ni gbogbo eṣinṣin máa ń ya bò.

Tẹ́ẹ bá kórè tán

Ọjọ́ tí kùkúńbà tàbí tòmátò bá ti so tán ni kẹ́ẹ fà á tu, ẹ má sọ pé ẹ̀ẹ́ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó pẹ̀lú náílọ́nù tàbí kẹ́ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sin ín jìn, ó kéré tán kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Tí ẹni tó wà lápá kejì odò bá ṣì ní tiẹ̀ lóko, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀, ẹ bá a gbé ewé sí oòrùn, kẹ́ẹ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò inú ike yẹn hàn án. Àwọn tó bá wà nítòsí Ìkọ̀lé tàbí Adó tún lè gbé ike yẹn lọ bá àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì FUOYE tàbí EKSU, kí wọ́n bá yín wò ó lábẹ́ awò, kẹ́ẹ lè mọ irú eṣinṣin àti irú agbọ́n tó wà lóko yín gan-an kẹ́ẹ tó gbin ti ọdún tó ń bọ̀.